Ìbọn Afẹ́fẹ́ àti Ìrìn-àjò Lewis

Ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo mú wá fún yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ìbọn tí àwọn ọdẹ wa ń gbé kọ́ èjìká. Ìbọn tí mo ń wí yìí kì í jẹ ẹ̀tù, kì í rú èéfín, bẹ́ẹ̀ ni iná kì í yọ ní ẹnu rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó fi ń ti ọ̀ta jáde. Síbẹ̀, ní ohun tí ó lé ní igba ọdún sẹ́yìn, ìbọn díẹ̀ ni ó wà ní ayé tí ó lè yára bí tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ó ti wá, bí ó ti ń ṣiṣẹ́, àti bí ó ti dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kí a sì wo ìdí tí ìbọn tí ó yára tó bẹ́ẹ̀ kò fi pẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó kọ́kọ́ ní in.

Ẹ kọ́kọ́ rántí ìbọn ṣakabùlà. Kí ọdẹ tó yìn ín, yóò da ẹ̀tù sí ẹnu rẹ̀, yóò fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, yóò fi ọ̀ta sí i, yóò fi nǹkan dí i, yóò sì tún kì í. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó wá fi ẹ̀tù díẹ̀ sí ibi tí iná yóò ti ṣẹ́. Bí ó bá yìn ín tán, èéfín a bo ojú rẹ̀, kò sì ní lè mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bóyá ọ̀ta bá ẹran tàbí kò bá a. Bí òjò bá sì rọ̀, tí ẹ̀tù bá tutù, ìbọn di igi lásán. Irú ìbọn tí ń ti ẹnu jẹun báyìí ni àwọn ọmọ-ogun ilẹ̀ Yúróòpù ń lò ní nǹkan bí ọdún 1780. Ọmọ-ogun tí a kọ́ dáadáa lè yìn ín ní ìgbà mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan. Irú kan sì tún wà tí a fín inú ọ̀pá rẹ̀ kí ọ̀ta lè máa yí bí ó ti ń lọ. Èyí a máa bá ibi tí a fojú sùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó lọ́ra ju ti àkọ́kọ́ lọ pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀ta rẹ̀ a máa há mọ́ inú ọ̀pá nígbà tí a bá ń kì í.

Ní ìgbà náà ni ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bartholomäus Girandoni. Ọmọ agbègbè òkè Tyrol ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Ọ́stríà. Iṣẹ́ irin wíwẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn ti ń ṣe ìbọn afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó bí i, ṣùgbọ́n ohun ìṣeré àwọn ọlọ́lá ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Girandoni ni ó ṣe èyí tí ọmọ-ogun lè gbé lọ sí ojú ogun. Ní nǹkan bí ọdún 1780, Joseph Kejì, ẹni tí ètò àwọn ọmọ-ogun Ọ́stríà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, fi àṣẹ sí i pé kí a ṣe ìbọn náà fún àwọn ọmọ-ogun òun.

Báwo ni ó ti ń ṣiṣẹ́? Gbogbo ẹni tí ó bá ti dé ilé arọ́ rí mọ ẹwìrì. Ọmọ alágbẹ̀dẹ a máa tẹ̀ ẹ́ sókè sódò, afẹ́fẹ́ a sì máa tú jáde lọ sí ojú iná. Bí ó bá ṣe pé a dí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde ńkọ́, tí ọmọ náà sì ń tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀síbẹ̀? Afẹ́fẹ́ yóò máa fún mọ́ ara wọn nínú ẹwìrì, yóò máa wá ọ̀nà àtijáde, títí ẹwìrì yóò fi bẹ́. Ohun tí Girandoni ṣe kò ju èyí lọ, àfi pé irin ni ó fi rọ ẹwìrì tirẹ̀. Ó rọ ìgò irin kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi tí ẹnu rẹ̀ sì rí ṣóńṣó, ó fi awọ bò ó. Ìgò yìí ni ó dé mọ́ ẹ̀yìn ìbọn ní ipò ìdí onígi tí a máa ń gbẹ́. Nítorí náà, ìdí ìbọn yìí kò tẹ̀ kọrọdọ bí ti àwọn ìbọn yòókù. Ó lọ gbọọrọ ni, èjìká ni a sì ń fi í tì. Ohun tí ayìnbọn fi tilẹ̀kùn èjìká rẹ̀ ni ó tún jẹ́ ilé agbára ìbọn.

Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ìbọn náà ni ó tún fi ọ̀pá tóóró kan sí, tí ó gba nǹkan bí ọ̀ta 20 tàbí 22 lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ayìnbọn bá gbé ẹnu ìbọn sókè díẹ̀, tí ó sì fi ìka ti irin kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀ta kan yóò yí wọlé sí àyè rẹ̀. Yóò fa òòlù ìbọn sẹ́yìn, yóò fojú sùn, yóò sì fà á. Òòlù yóò ṣí ilẹ̀kùn ìgò náà wéré, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ó tó ti ọ̀ta kan yóò tú jáde, ilẹ̀kùn yóò sì tún padé. Kò sí ẹ̀tù, kò sí ọ̀pá ìkìbọn. Ọmọ-ogun lè wà ní ìdùbúlẹ̀ lẹ́yìn ebè, kí ó máa yìn ín láì dìde.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú síléètì yín. Kí ìgò náà tó kún, ọmọ-ogun yóò fi pọ́ǹpù fa afẹ́fẹ́ sí i ní nǹkan bí ìgbà 1,500. Ìgò tí ó kún dáadáa lè ti nǹkan bí ọ̀ta 30 jáde pẹ̀lú agbára. Bí ẹ bá fi 30 pín 1,500, kí ni ẹ rí? Ẹ rí 50. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀ta kan ṣoṣo tí ó bá jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, àádọ́ta ìgbà ni apá ẹnì kan ti lọ tí ó sì bọ̀ nítorí rẹ̀. Àwọn baba wa ní, bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ẹni tí ó pọ́ǹpù ìbọn yìí ní 1,500 ìgbà kò jẹ́ fi ọ̀ta rẹ̀ ṣòfò! Ohun tí ó yá ní ojú ogun, a ti san owó rẹ̀ sílẹ̀ ní ibùdó.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa fífojú sùn, nítorí pé kíkán lásán kọ́ ni ìbọn yíyìn. Lórí ọ̀pá ìbọn náà, níhà ọ̀dọ̀ ojú ayìnbọn, irin kékeré kan wà tí a gé àlàfo tóóró sí lórí. Ní ẹnu ìbọn, irin tín-ín-rín mìíràn dúró bí ẹyọ ọkà. Ayìnbọn yóò mú kí ẹyọ iwájú bọ́ sí àárín àlàfo ẹ̀yìn, yóò sì mú kí àwọn méjèèjì wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ohun tí ó fẹ́ yìn. Kò sí gíláàsì kankan níbẹ̀, kò sí awò tí ń mú ọ̀nà jíjìn súnmọ́ni. Ojú ènìyàn àti irin méjì péré ni. Èyí ni ó sì dára jù fún ẹni tí ó fẹ́ yára, nítorí pé ojú rẹ̀ méjèèjì lè là sílẹ̀, kí ó máa rí ohun tí ó wà ní ọ̀tún àti ní òsì.

Ìbọn Girandoni ran irú ayìnbọn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ní ọ̀nà méjì. Kò sí èéfín tí yóò bo ojú rẹ̀, kì í sì í fi ìdí gbá èjìká gidigidi bí ìbọn ẹlẹ́tù, nítorí náà kò pẹ́ tí ẹyọ iwájú fi ń padà sí àárín àlàfo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún ní ìdẹkùn kan tí ìbọn ẹlẹ́tù kò ní. Bí afẹ́fẹ́ ti ń dínkù nínú ìgò ni agbára ọ̀ta ń dínkù. Ọ̀ta kìn-ín-ní a lọ tààrà, ọ̀ta ogún a bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó dé ibi tí a rán an. Irin tí a fi ń fojú sùn kò mọ èyí. Ayìnbọn ni ó gbọ́dọ̀ máa ka iye ọ̀ta tí ó ti lọ, kí ó sì máa gbé ẹnu ìbọn sókè díẹ̀díẹ̀ ní ìwọ̀n iye náà. Ẹni tí kò bá lè kà, tí kò sì fi ara balẹ̀, bí ó ti wù kí ó yára tó, ilẹ̀ ni yóò máa yìn.

Ibí yìí ni wàhálà àwọn ọmọ-ogun Ọ́stríà ti bẹ̀rẹ̀. Ìgò irin náà ṣòro púpọ̀ láti rọ, bí ó bá sì ṣubú tí ó tẹ̀, ó lè máa jò. Awọ tí a fi dí oríkèé rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tutù, bí ó bá gbẹ, afẹ́fẹ́ a sá. Alágbẹ̀dẹ ibùdó tí ó lè tún ìbọn ẹlẹ́tù ṣe kò lè tún èyí ṣe. Ó ní láti jẹ́ ẹni tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà. Nígbà tí Ọ́stríà bá àwọn ará Tọ́kì jagun láti ọdún 1788 títí di 1791, ìbọn afẹ́fẹ́ wà ní ojú ogun, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ọmọ-ogun ni a kò sì tíì kọ́ ní ìlò rẹ̀ dáadáa. Girandoni kú ní ọdún 1799. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n kó ìbọn rẹ̀ padà sí ilé ìkóhun-ìjà-sí, wọ́n sì padà sí ẹ̀tù.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí níbẹ̀, nítorí pé ọ̀kan nínú irú ìbọn náà rékọjá òkun. Ní ọdún 1803, ìjọba Amẹ́ríkà ra ilẹ̀ Louisiana lọ́wọ́ Faransé ní mílíọ̀nù 15 dọ́là. Ilẹ̀ tí ó tóbi gidigidi ni. Àwọn tí ó tà á àti àwọn tí ó rà á jókòó, wọ́n fọwọ́ sí ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ń gbé ibẹ̀ láti ayébáyé. Ààrẹ Thomas Jefferson wá yan akọ̀wé rẹ̀, ọmọ-ogun kan tí ń jẹ́ Meriwether Lewis, pé kí òun àti William Clark kó àwọn ènìyàn díẹ̀ lẹ́yìn, kí wọ́n gba ojú odò Missouri lọ títí dé Òkun Pàsífíìkì, kí wọ́n sì sọ fún àwọn tí wọ́n bá bá lọ́nà pé wọ́n ti ní olórí tuntun. Ìbọn afẹ́fẹ́ kan wà nínú ẹrù Lewis.

Ìgbà pípẹ́ ni àwọn òpìtàn fi rò pé ìbọn aláyìnkan ni, tí a ní láti fi ọ̀ta sí lẹ́yìn ìyìn kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìrántí adájọ́ kan tí ń jẹ́ Thomas Rodney ni ó là wá lójú. Ní ọjọ́ 8 oṣù September 1803, Rodney pàdé Lewis ní Wheeling, ní etí odò Ohio, Lewis sì fi ìbọn náà hàn án. Rodney kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo ọ̀ta ni a ń kó lẹ́ẹ̀kan sínú ọ̀pá kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́, pé afẹ́fẹ́ wà nínú ìdí ìbọn, àti pé bí ara rẹ̀ bá dá ṣáṣá, ó lè yìn ní ìgbà 22 láàárín ìṣẹ́jú kan. Àpèjúwe yìí bá ìbọn Girandoni mu.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù ohun tí Rodney rí fún yín. Lewis fi ọ̀ta 12 sí i. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan, gbogbo afẹ́fẹ́ sì jò tán pátápátá. Ó tún un pọ́ǹpù, ó yìn lẹ́ẹ̀mejì, ó tún dá. Ó wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jò, ó dí i díẹ̀, ìbọn náà sì yìn ní ìgbà méje. Ìgbà 22 ni ó yẹ kí ó jẹ́, méje ni ó rí. Gbogbo ìtàn ìbọn afẹ́fẹ́ wà nínú ọjọ́ kan yẹn.

Àgbákò kan ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú èyí. Ní ọjọ́ 30 oṣù August, ọjọ́ gan-an tí Lewis kúrò ní Pittsburgh, ó dúró ní erékùṣù kan nínú odò láti fi ìbọn náà dá àwọn ènìyàn lára yá. Òun fúnra rẹ̀ yìn ín ní ìgbà méje sí ibi tí ó jìnnà tó 55 yáàdì, ó sì ṣe é dáadáa. Ó wá gbé e fún ọkùnrin kan tí kò mọ̀ ọ́n lò. Ìbọn ṣèèṣì yìn, ọ̀ta la fìlà obìnrin kan tí ó dúró ní nǹkan bí 40 yáàdì kọjá, ó sì ha á ní ẹ̀bátí. Obìnrin náà ṣubú, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, gbogbo ènìyàn rò pé ó ti kú. Ọlọ́run ṣe é, ọgbẹ́ náà kò jinlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ gbọ́ o: a kì í pe ìbọn ní ohun ìṣeré nítorí pé afẹ́fẹ́ ni ó ń lò.

Ní ọjọ́ 14 oṣù May 1804 ni ìrìn-àjò náà bẹ̀rẹ̀ gan-an ní ojú odò Missouri. Láti ìgbà náà lọ, bí wọ́n bá dé ilé àwọn ọmọ onílẹ̀ kan, wọn a pe ìpàdé, wọn a sọ ọ̀rọ̀ olórí tuntun, wọn a pín ẹ̀bùn, Lewis a sì yin ìbọn afẹ́fẹ́. Ó ṣe é fún àwọn Oto àti àwọn Missouri, ó ṣe é fún àwọn Yankton, ó ṣe é fún àwọn Arikara. Ẹnu a máa ya àwọn olùwòran. Wọ́n mọ ìbọn ẹlẹ́tù dáadáa, nítorí pé àwọn oníṣòwò ti ń tà á fún wọn. Ohun tí kò yé wọn ni ìbọn tí kò rú èéfín, tí a kò kì, tí ó sì ń yìn léraléra.

Nítorí èyí ni àwọn kan fi ń sọ pé ìbọn yìí ni ó gba Lewis àti àwọn ènìyàn rẹ̀ là. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ní ọjọ́ 25 oṣù September 1804, wọ́n pàdé àwọn Teton Sioux, àwọn alágbára tí ń ṣọ́ ojú odò náà. Lewis yin ìbọn afẹ́fẹ́ lójú àwọn ìjòyè wọn. Ǹjẹ́ ẹ̀rù bà wọ́n bí? Rárá o. Ní ọjọ́ kan náà ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọn di okùn ọkọ̀ mú pé àwọn kò ní jẹ́ kí ó lọ. Clark fa idà yọ, àwọn Teton fa ọfà, àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ sì gbé ìbọn sókè. Ìjòyè kan tí wọ́n ń pè ní Black Buffalo ni ó gba okùn náà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu àgbàlagbà ni ó pa iná ọjọ́ náà, kì í ṣe ìbọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ọ̀dọ̀ àwọn Shoshone ní ọjọ́ 17 oṣù August 1805. Àwọn arìnrìn-àjò nílò ẹṣin kí wọ́n tó lè la òkè ńlá kọjá. Lewis yin ìbọn náà, àwọn Shoshone sì sọ lójú ẹsẹ̀ pé ohun abàmì ńlá ni. Ṣùgbọ́n kí ni ó mú ẹṣin jáde? Obìnrin Shoshone kan tí ń jẹ́ Sacagawea wà láàárín àwọn arìnrìn-àjò, ó ń ṣe ògbufọ̀. Bí ó ti jókòó ní ìpàdé, ó wo ojú olórí àwọn Shoshone, Cameahwait, ó sì rí i pé arákùnrin òun ni. Ó dì mọ́ ọn, ó sunkún. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n dúnàádúrà, wọ́n sì ra ẹṣin. Ìbọn ya ènìyàn lẹ́nu, ẹbí àti òwò ni ó ṣí ọ̀nà.

Ta ni ó sì mú kí ìbọn náà wà láàyè ní gbogbo ọ̀nà jíjìn yẹn, níbi tí kò sí ilé iṣẹ́ kankan? Alágbẹ̀dẹ kan wà láàárín wọn, John Shields. Ní ọjọ́ 10 oṣù June 1805, òun ni ó ṣe sípíríìngì tuntun sí ìbọn náà, Lewis sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọgbọ́n ọwọ́ ọkùnrin yìí ti ràn wọ́n lọ́wọ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 7 oṣù August, Lewis rí i pé ìbọn náà tún ti dá iṣẹ́ sílẹ̀, àti pé irin tí a fi ń fojú sùn ti yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Ó jókòó, ó tún un ṣe, ó ń yìn ín wò títí ó fi ń bá ibi tí ó fojú sùn bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti rí: ìbọn tí ó lè yìn ní ìgbà 22 ní ìṣẹ́jú kan, bí irin kékeré tí kò tó èékánná bá yẹ̀, asán ni gbogbo eré rẹ̀.

Ní ọjọ́ 23 oṣù September 1806 ni wọ́n padà dé St. Louis, ìbọn náà sì ti rí òkun. Ìbọn kan ṣoṣo, tí alágbẹ̀dẹ tirẹ̀ ń bá rìn, tí ẹni tí ó ni ín mọ gbogbo àìsàn rẹ̀, ó la ilẹ̀ Amẹ́ríkà já. Ọ̀pọ̀ ìbọn irú rẹ̀ tí a pín fún ọmọ-ogun Ọ́stríà láìsí alátùn-únṣe tí ó tó, wọ́n kú sí ilé ìkóhun-ìjà-sí. Ìbọn kan náà ni, iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ọwọ́ tí ó gbà á. Lẹ́yìn náà, nígbà tí a ti mọ bí a ti ń fi ẹ̀tù àti ọ̀ta sínú ike irin kan ṣoṣo, ìbọn ẹlẹ́tù pẹ̀lú di ayára, ìbọn afẹ́fẹ́ sì padà sí ibi ìdárayá. Láti ọdún 1984 ni ó ti wà nínú ìdíje Òlíḿpíìkì, níbi tí a ti ń fi í dán ojú àti ọwọ́ wò.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá mú ẹ̀rọ tuntun wá sí àdúgbò yín, ẹ má kàn béèrè bí ó ti yára tó. Ẹ béèrè pé: ta ni yóò tún un ṣe? Níbo ni yóò ti rí ohun èlò rẹ̀? Ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìlò rẹ̀? Alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ìlú tí ó bá ra ẹ̀rọ tí kò kọ́ ọmọ rẹ̀ ní iṣẹ́ rẹ̀, ìdá díẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà ni ó rà.